Bí Ìyá Mi Ṣe Dé Ibi Tábílì Olúwa

Ní ìjọ tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Yaba, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà síta, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀: ìyàwó kejì kì í jẹ Ara Olúwa. Ó lè kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó lè gbálẹ̀ ilé ìjọsìn, ó lè mú iṣu àti ewúrẹ́ wá nígbà ìkórè kí wọ́n sì fi orin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Fíkà, àlùfáà ìjọ, bá ti na ọwọ́, tó ní kí àwọn ènìyàn Ọlọ́run máa bọ̀, ìyàwó kejì yóò jókòó. Ọkọ rẹ̀ náà yóò jókòó. Ìyálé, tí kò fẹ́ ju ọkọ kan ṣoṣo lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi léèrè kí wọ́n tó mú èkejì wá, òun nìkan ló lè dìde.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé wa rí. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba, á jókòó. Ìyá mi á jókòó tì í. Ìyá Àgbà, ìyálé ìyá mi, á dìde. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì wa ni yóò kọjá níwájú ìyá mi, òun yóò sì yí orúnkún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè ráyè kọjá. Mo rí orúnkún yẹn tó ń yí títí tí mo fi lè ya àwòrán rẹ̀. Bàbá mi ní tirẹ̀ kò bìkítà. Ó máa ń fi àkókò yẹn ka ìwé ìkéde ìjọ, nígbà mìíràn ó máa ń sùn. Ìyá mi kò sùn rí. Pẹpẹ ló máa ń wò, títí tí ẹni ìkẹyìn fi padà sí àyè rẹ̀.

Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, onínúfùfù sì ni mí láti kékeré. Nígbà tí mo tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo bi í pé kí ló dé tí òun kì í lọ. Ó ní òun ò tíì múra. Mo wo aṣọ ọrùn rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ rán, tó dára ju ti ìyàwó àlùfáà lọ, mo ní, "Ẹ ti múra, Màmi." Ó fà mí létí, ó ní kí n kọjú síwájú.

Iṣẹ́ aránṣọ ni ìyá mi ṣe. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú un wá sí Èkó nígbà tó wà ní ọmọge, ó kọ́ṣẹ́ ní Sábó, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ló mọ̀ ọ́n rán jù. Ẹni tó bá lọ sílé ìwé ní àgbègbè wa nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí ìyá mi ti fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀ rí. Nígbà tí kò lè ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ láìpe ènìyàn, ó ta máṣíìnì méjì, ó gbé ẹyọ kan tó kù wá sí Surulere, sínú ilé tí bàbá mi kọ́. Òun ń gbé lókè, Ìyá Àgbà ń gbé nísàlẹ̀.

Bàbá mi kú. A sin ín, a ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Nígbà tó di ọdún kejì, mo wá kí ìyá mi láti Mushin, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo bá a níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Mo ti lọ rí Fíkà. Mo fẹ́ máa jẹ Ara Olúwa."

Mo ní, "Kí ni Fíkà wí?"

"Ó ní kò sí wàhálà. Ó ní ikú bàbá yín ti tú mi sílẹ̀."

Inú bí mi débi pé mo dìde lórí àga. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: obìnrin tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, tó rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin lọ́fẹ̀ẹ́, tó fi àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn ṣe ìrìbọmi, ikú ọkọ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi máa ṣílẹ̀kùn fún un. Mo ní, "Màmi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ sí tèmi ní Mushin. Níbẹ̀, ẹni tó bá ṣáà ti dìde ni wọ́n ń fún. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìbéèrè kankan."

Ó ṣa òkúta kan jáde nínú ìrẹsì, ó jù ú nù. "Ibi tí wọ́n ti ní kí n jókòó ni mo ti fẹ́ dìde," ó ní. "Tí mo bá lọ jẹ ẹ́ níbòmíràn, mo jí i jẹ ni."

Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé tó bá ti gé aṣọ, ó gé e náà nìyẹn.

Báyìí ni ìyá mi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ṣe wọ kíláàsì àwọn tí Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbé ọwọ́ lé lórí, láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, tí òbí wọn fipá mú wá. Ọ̀sán Sátidé ni, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mò ń fi mọ́tò gbé e lọ, nítorí náà mo máa ń jókòó sẹ́yìn dè é. Kí n má purọ́, ńṣe ni mo lejú koko. Ìyá mi ní tirẹ̀ jókòó síwájú pátápátá, Bíbélì Yorùbá onílẹ́tà gàdàgbà lórí itan, ṣọ́ọ̀kì aránṣọ lọ́wọ́. Kì í fi bírò sàmì sí Bíbélì. Ó ní ṣọ́ọ̀kì ṣeé gbọ̀n nù tí ènìyàn bá rí i pé òun ṣì í wọ̀n.

Ìhìn Rere Lúùkù ni wọ́n ń kà lọ́dún yẹn. Fíkà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì mọ̀wé kọ́ni. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú, nítorí mo ti fẹ́ kó jẹ́ òmùgọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ṣàlàyé ìpìlẹ̀ ìwé náà. Ó ní àwọn àgbà ìjọ àtijọ́ sọ pé oníṣègùn ni ẹni tó kọ ọ́, pé ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ Júù, pé kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ohun gbogbo ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó lọ wádìí lẹ́nu àwọn tó fojú rí i, ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ, ó fi í ránṣẹ́ sí ọkùnrin ńlá kan kó lè dá a lójú pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Ìyá mi nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọ̀dọ̀ ta ló ti lọ wádìí?"

Fíkà ní lọ́dọ̀ àwọn àpọ́sítélì ni, àti àwọn mìíràn.

"Àwọn mìíràn yẹn, obìnrin ni wọ́n," ni ìyá mi wí. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ṣí orí kìíní, ó tọ́ka sí ibi tí aboyún méjì ti pàdé, tí ọmọ sì sọ nínú ọ̀kan nínú wọn. "Oyún oṣù mẹ́fà sọ nínú arúgbó. Ọkùnrin wo ló máa mọ ìyẹn? Ọkọ rẹ̀ gan-an, odi ni lásìkò yẹn. Ẹnìkan ló jókòó ti obìnrin, tó ní, Màmá, ẹ sọ fún mi, báwo ló ṣe rí lára yín? Oníṣègùn ni lóòótọ́."

Fíkà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, pé ìwé yìí ka ọ̀rọ̀ obìnrin sí ju àwọn Ìhìn Rere mẹ́ta yòókù lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kì í parí kíláàsì láìbi í pé, "Màmá, kí lẹ rí níbẹ̀?"

Ìyá mi ò sì yéé rí nǹkan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn obìnrin kan ti ń fi ohun ìní wọn gbọ́ bùkátà Jésù àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ọkùnrin méjìlá tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò lè máa jẹ afẹ́fẹ́, ẹnìkan náà ló sì gbọ́dọ̀ máa lẹ aṣọ wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ opó tó ń yọ adájọ́ lẹ́nu títí tí adájọ́ fi dá a láre kó lè rímú mí, Fíkà ní ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a máa gbàdúrà láìṣàárẹ̀. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbàgbé pé obìnrin náà tún ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí kóòtù lójoojúmọ́.

Ohun tó rí jù lọ ni oúnjẹ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, mo ṣí Bíbélì rẹ̀ nínú mọ́tò, mo rí i pé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń jẹun nínú ìwé náà ló fi ṣọ́ọ̀kì sí. Ilé agbowó-òde, ó sàmì sí i. Ilé Farisí, níbi tí obìnrin kan ti wọlé láìpè tó ń sunkún sí àlejò lẹ́sẹ̀, ó sàmì sí i lẹ́ẹ̀mejì. Àsè tí àwọn tí wọ́n pè kò wá, tí wọ́n fi wá lọ ń kó arọ àti afọ́jú wọlé láti ojú pópó. Ọkùnrin kúkúrú tó gun igi, tí Jésù ní ilé rẹ̀ lòun máa wọ̀ sí. Mo ní, "Màmi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ebi ló ń pa yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wò ó, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ síbi tí Jésù ti jẹun nínú ìwé yìí tí ẹnìkan ò kùn. Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń sọ pé, ta nìyí tó ń bá jẹun? Ẹjọ́ tí wọ́n ń bá a ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹjọ́ tábílì ni."

Èmi tí mo ti ka Bíbélì nílé ìwé, tí mo sì gba máàkì tó dáa nínú rẹ̀, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń mú Bíbélì tèmi náà dání lọ́jọ́ Sátidé, mo sì yéé lejú.

Ọjọ́ kan wà tí wọ́n ka ìtàn ọmọ tó ná ìpín rẹ̀ tán tó sì padà sílé, tí bàbá rẹ̀ pa màlúù fún un. Àwọn ọmọ kíláàsì ń fi ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, èyí tó dúró síta tó ní òun ò wọlé. Ìyá mi yíjú sí wọn. "Ẹ má fi ẹni yẹn rẹ́rìn-ín o. Ìyálé nìyẹn. Òun ló ti wà nílé látọjọ́ yìí, òun ló ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó pa ewúrẹ́ fún un rí. Ó ti oko dé, ó bá wọn lẹ́nu ijó. Ṣé ó wá padà wọlé?"

Fíkà ní ìwé náà ò sọ.

"Kò burú," ni ìyá mi wí, kò sì fi ṣọ́ọ̀kì síbẹ̀.

Sátidé kan, ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi, kò lè wá. Mo lọ gba ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wá fún un. Fíkà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fún mi ní ìwé kan nínú àpò ìwé. Mo rí i pé ojú ń tì í díẹ̀. Ó ní àwọn opó tó bá wá láti irú ilé tiwa gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, pé ó ti wà kí òun tó dé ìjọ náà, pé wọ́n á kà á níwájú òun àti àwọn àgbà ìjọ méjì lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Mo kà á nínú mọ́tò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni náà jẹ́wọ́ pé inú ẹ̀ṣẹ̀ lòun ti bá ọkọ ọlọ́kọ gbé, pé òun kórìíra ìgbé ayé náà, òun sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èso rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èso rẹ̀. Èso náà ló jókòó sínú mọ́tò tó ń kà á yìí. Àwa mẹ́rin ni.

Ká ní mo gbọ́n ni, lójú ẹsẹ̀ ni ǹ bá ti padà lọ bá Fíkà rò ó. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìyá mi máa ṣe. Kò ní fọwọ́ sí i, wọ́n á sì yọ orúkọ rẹ̀. Mo rò ó bí olùkọ́ ìṣirò: ìlà díẹ̀ lórí pépà ní ọwọ́ kan, gbogbo ọdún tó fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ní ọwọ́ kejì. Kí ni pépà já mọ́? Mo sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá mi dáadáa, nítorí nígbà tí mo wà nílé ìwé, èmi ni mo máa ń bá a fọwọ́ sí káàdì èsì ìdánwò mi nígbà tí kò bá dára. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo dá a padà lọ́jọ́ kejì bíi pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti bọ̀. Mo bẹ Fíkà pé kó má jẹ́ kí wọ́n kà á sókè, pé ara Màmá kò le. Ó ní òun gbọ́. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé ìdánwò ló kù.

Inú yàrá kan náà ni wọ́n ti ṣe ìdánwò ọ̀hún. Fíkà wà níbẹ̀, àti bàbá àgbà méjì láti inú ìgbìmọ̀ ìjọ. Wọ́n bi ìyá mi ní òfin mẹ́wàá, ó kà á. Wọ́n bi í ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ó kà á láìkọsẹ̀. Fíkà bi í pé kí ló yé e nínú Ìhìn Rere tí wọ́n kà, ó sì sọ̀rọ̀ débi pé ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà ń mi orí. Mo ti ń mí kanlẹ̀. Bàbá kejì ṣí fáìlì, ó rí ìwé náà, ó wọ gíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Fíkà nawọ́ láti gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Ìyá mi gbọ́ ọ tán. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un kà. Wọ́n tún un kà. Ó ní, "Ta ló kọ orúkọ mi síbẹ̀?"

Mo dìde. Mo ní èmi ni.

Kò wò mí. Ó kọjú sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábílì. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ mi lẹ fẹ́ gbọ́. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Oníbàárà á gbé yáàdì mẹ́fà wá, mo mọ̀ pé márùn-ún tó, màá ní gbogbo ẹ̀ ló lọ sí i. Àwọn ọmọ mi ló wọ èyí tó ṣẹ́kù. Mo máa ń ní kí wọ́n wá gba aṣọ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì mọ̀ pé mi ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Mo lé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan lọ, mo ní ó ń sọ̀rọ̀ jù. Irọ́ ni, ó mọ iṣẹ́ jù mí lọ ni. Mo fi orin bú ìyálé mi láti ibi ìdáná fún odindi ọdún kan, mo sì mọ̀ pé ó ń gbọ́."

Ó mí díẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Àwọn wọ̀nyẹn, mo kórìíra wọn, mo kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ mi nílé bàbá mi ni. Bàbá mi gba ìdána, ìyá mi gbàdúrà sí mi lórí. Mo bí ọmọ mẹ́rin, ẹ̀yin náà lẹ ṣe ìrìbọmi fún wọn níbí. Mi ò ní pe àwọn ọmọ mi ní ẹ̀ṣẹ̀ kí n tó rí oúnjẹ jẹ. Tó bá jẹ́ bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ."

Bàbá tó ka ìwé náà ní òfin ni òfin. Fíkà ní ọwọ́ òun dè, pé láìsí ìwé náà òun ò lè fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì kù. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ òun. Ó kó Bíbélì rẹ̀, ó jáde.

A ti kọjá Ojúẹlẹ́gba kí n tó ní, "Màmi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣáà débẹ̀ ni."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo fọwọ́ sí i pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọ́, o sì fi orúkọ mi sí i. Èmi ò pè ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tó o jí ẹran ọbẹ̀ jẹ gan-an, mi ò pè ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹni àádọ́ta ọdún ni mí. Mo páàkì mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sunkún bí ọmọdé, ìyá mi sì jókòó tì mí títí mo fi sun ún tán.

Mo mú un gòkè. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò lọ sídìí mọ́tò. Mo ní èmi tí mo bà á jẹ́ ni màá tún un ṣe, ojú ì báà tì mí títí. Mo kan ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà. Láti kékeré ni a ti ń bẹ̀rù obìnrin yẹn. Kò nà wá rí, kò sì rẹ́rìn-ín sí wa rí. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ìwà burúkú tí mo hù. Ó ní kí n sọ ohun tó wà nínú ìwé náà bí mo ṣe rántí rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibì kan, ó dá mi dúró.

"Ọkọ ọlọ́kọ? Ọkọ ta ni?"

Mo ní, "Tiyín ni wọ́n ń sọ, Ìyá."

"Ṣé ẹ rí i," ó ní, bíi pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. "Kí o tètè dé láàárọ̀ ọ̀la. Kí oòrùn má pa mí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sí pálọ̀ Fíkà, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Fíkà ti dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ti gbé omi fún un. Kò jẹ́ kí Fíkà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ìwé tẹ́ ẹ ní kí ìyàwó fọwọ́ sí yẹn, èmi lẹ kọ ọ́ nípa rẹ̀. Èmi ni ọlọ́kọ. Tí wọ́n bá jí nǹkan, nǹkan tèmi ni wọ́n jí, kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Ṣé ẹnìkan wá bi mí bóyá ẹjọ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀?"

Fíkà ní, "Rárá, Màmá."

"Kò sí nílẹ̀. Mo bá a jà. Mo da ọbẹ̀ rẹ̀ nù, ìkòkò àti gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin kú, gbogbo ìjọ wá, ẹ kọrin fún mi, ẹ lọ. Ìyàwó ló tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tó ń sùn síbẹ̀ títí mo fi lè dìde fẹsẹ̀ ara mi lọ wẹ̀. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ibẹ̀ la ti parí ẹjọ́. Ẹjọ́ tí mo ti parí, ẹ̀yin ò lè tún un pè." Ó mu omi díẹ̀. "Mi ò sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Agbéraga ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọlé wa ni mo ti ń lọ síbi tábílì yẹn, ó sì ń wo ẹnu mi. Ó ti sú mi kí wọ́n máa wò mí jẹun."

Fíkà dìde. Ó lọ sínú yàrá, ó mú ìwé náà wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyá Àgbà. Ó ní gbogbo ọmọ kíláàsì náà ló máa ṣèlérí níwájú Bíṣọ́ọ̀bù pé àwọn kọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn sílẹ̀, pé ìlérí yẹn náà tó fún Màmá, pé tí ìgbìmọ̀ bá lẹ́jọ́, kí wọ́n wá bá òun rò ó. Wọ́n bá a rò ó lóòótọ́. Mo gbọ́ pé ìpàdé náà gbóná, pé wọ́n fẹ́ kọ̀wé fẹjọ́ rẹ̀ sun Bíṣọ́ọ̀bù. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, orúkọ ìyá mi sì lọ pẹ̀lú tàwọn yòókù.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Ìgbà tó gòkè padà, ó gbé téèpù, ó ní kí n wá bá òun wọn ẹ̀yìn òun, nítorí òun fẹ́ gé aṣọ funfun.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ tò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ funfun, ìyá mi wà láàárín wọn, ó ga ju gbogbo wọn lọ. Bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé e lórí. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n síbi Tábílì, ó lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mò ń rí láti ibi tí mo wà. Mo rí i tó kúnlẹ̀, mo rí i tó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, mo rí i tí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló fún un lọ́wọ́.

Ó padà wá jókòó tì mí. Mo ti mú hánkáṣíìfù dání dè é, nítorí mo rò pé ẹkún ló máa sun. Kò sunkún. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fẹnu sí mi létí.

"Ṣé gbogbo bó ṣe tó nìyẹn?"

Mo ní, "Kí ni, Màmi?"

"Búrẹ́dì yẹn. Kò tó bọ́tìnì kóòtù." Ó tún wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Nǹkan tó kéré tó báyìí ni wọ́n ní kò lè kàn mí."

Mo dá hánkáṣíìfù padà sínú àpò. Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, tí Fíkà na ọwọ́, ó tún dìde, ó lọ.